Ère Tí A Bá Láyé: Ohun Tí Iṣẹ́ Àtúnṣe Kọ́ Mi ní Ilé-Ifẹ̀

Ọmọ tó bá dàgbà ní Ilé-Ifẹ̀ kì í ṣàjèjì sí ère. Wọ́n á ti mú un lọ wo Ọ̀pá Ọ̀rànmíyàn, òkúta gíránáìtì tó ga tó ẹsẹ̀ bàtà 18, tí wọ́n gbá ìṣó irin mọ́ lára. Ọmọ tí wọ́n bí lẹ́yìn ọdún 2016 kò mọ ìgbà tí ère Mọremí, tó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 42, kò sí. Ní Iléṣà lọ́hùn-ún, ère Ògèdèǹgbé, balógun Èkìtìparapọ̀ nígbà ogun Kírìjì, wà ní Ẹrẹ́jà, ọ̀pọ̀ ọmọ Ìjẹ̀ṣà ló sì mọ ojú ère náà kí wọ́n tó ka ohunkóhun nípa ọkùnrin náà nínú ìwé.

Àmọ́ iṣẹ́ tèmi kì í sábà kan àwọn ńláńlá wọ̀nyẹn. Ère sìmẹ́ǹtì ni mo ń tún ṣe, àwọn tó wà ní oríta àdúgbò, ní ẹnu géètì ilé ìwé àti iwájú gbọ̀ngàn ìlú: onílù, ọdẹ, ìyá tó pọnmọ, obìnrin tó ru ìkòkò, erin, kìnnìún. Ẹsẹ̀ irú ère bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọmọ máa ń jókòó sí títí ìyá wọn á fi ti ọjà dé. Àlejò kì í wá wò wọ́n, ṣùgbọ́n tí imú ọ̀kan bá já bọ́, inú gbogbo àdúgbò ló máa ń bàjẹ́. Sìmẹ́ǹtì, irin àti ọ̀dà ni mo fi ń ṣiṣẹ́. Síbẹ̀, ohun tó le jù nínú rẹ̀ ni ìrántí àwọn ènìyàn, nítorí ohun tí wọ́n ń retí ni pé kí ère náà padà rí bó ṣe rí nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé.

Bí a bá ti to igi yí ère kan ká báyìí, àwọn àgbà á bẹ̀rẹ̀ sí í yà sọ́dọ̀ wa. Ọ̀kan á ní búlúù ni aṣọ onílù yìí nígbà tí òun wà ní pírámárì. Èkejì á ní ó tì o, àwọ̀ ewé ni. Ẹnì kẹta á búra pé funfun báláú ni látòkè délẹ̀. Kò sí òpùrọ́ nínú wọn, wọn ò kàn ṣe ọmọdé pa pọ̀ ni. Wọ́n lè ti tún ère náà kùn lẹ́ẹ̀mejì láàárín ìgbà ọmọdé ẹnì kan sí ti èkejì. Nítorí náà, ọdún ni mo máa ń kọ́kọ́ bèèrè, kí n tó wá bèèrè àwọ̀. Kíláàsì wo lẹ wà nígbà yẹn? Ta ló wà lórí oyè? Ṣé wọ́n ti da ọ̀dà sójú títì yìí? Ṣé iná ti dé àdúgbò? Ìdáhùn ẹni mẹ́rin sí ìbéèrè bẹ́ẹ̀ á jẹ́ kí a lè to àwọn àwọ̀ náà tẹ̀léra wọn.

Ẹ má sì fi ìdáhùn sí ẹnì kan lẹ́nu. Bí ẹ bá bi í pé “ṣé pupa ni fìlà rẹ̀?”, pupa ló máa rántí. “Kí ló wà lórí rẹ̀?” ló dára jù, kí ẹ wá dákẹ́. Ẹ ní kó lọ dúró síbi tó máa ń dúró sí ní kékeré, kó tún bẹ̀rẹ̀, nítorí ojú ọmọdé wà nísàlẹ̀. Ohun tó bá ojú ọmọ mu ni ọmọ ń mú dàgbà: ìka ẹsẹ̀ ère, ìṣẹ́tí aṣọ, ìdí ìlù, ajá tó dùbúlẹ̀ ti ọdẹ. Bí àgbàlagbà kan bá ní ìka ẹsẹ̀ ọ̀tún ti gé láti ayé òun, mo máa ń gbà á gbọ́. Bó bá ní fìlà rẹ̀ gẹ̀ sápá òsì, mo máa ń wá ẹ̀rí mìíràn kún un. Gíga ère ni mi ò kì í gbà lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Kò sí ère tí kò ga tó ilé alájà lójú ọmọ ọdún mẹ́fà.

Fọ́tò ló kàn. Inú álúbọ́ọ̀mù àwọn ará àdúgbò ni wọ́n pọ̀ sí: ọjọ́ ìbí, ìgbéyàwó, ọdún Ọlọ́jọ́, ọjọ́ ìkẹ́kọ̀ọ́jáde. Fọ́tò dúdú àti funfun kò lè sọ àwọ̀, ṣùgbọ́n ó ń fi ìrísí hàn dáadáa, pàápàá bí ọwọ́ ṣe tẹ̀ àti ibi tí ojú kọ sí. Fọ́tò aláwọ̀ ayé àtijọ́ gan-an ló ń tanni jẹ. Inú irú fọ́tò yẹn, àwọ̀ tó jọ búlúù ló sábà ń kọ́kọ́ ṣá bó ti ń pẹ́ nínú àpótí, tí gbogbo àwòrán á wá máa fà sí pupa. Aṣọ búlúù á dà bí aṣọ aró tó ti gbó tàbí kó di àwọ̀ ilẹ̀. Kí a tó gba irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ gbọ́, a máa ń wá ohun kan nínú rẹ̀ tí a mọ àwọ̀ rẹ̀ dájú, bí yúnífọ́ọ̀mù ilé ìwé tàbí àsíá, ká fi wò ó bí ó ti yẹ̀ tó.

Fọ́tò náà la fi ń wọn ohun tó ti gé sọnù. Búlọ́ọ̀kù tí wọ́n ń lù níbí jẹ́ ínṣì 18 ní gígùn, ínṣì 9 ní gíga. Pẹ̀lú sìmẹ́ǹtì tí wọ́n fi lẹ̀ ẹ́, ìlà kan á tó ínṣì 10. Bí ère bá dúró ti ògiri tí a kò rẹ́, ẹ ka ìlà búlọ́ọ̀kù láti ẹsẹ̀ dé orí, gíga rẹ̀ ti jáde nìyẹn. Kí ògiri náà sún mọ́ ère gan-an ni o. Èyí tó bá jìnnà sẹ́yìn á kéré lójú kámẹ́rà, á sì sọ ère di òmìrán.

Síbẹ̀, ẹ̀rí tí mo gbójú lé jù ni ara ère fúnra rẹ̀, torí gbogbo ọ̀dà tí wọ́n ti kùn ún rí ṣì wà níbẹ̀, ọ̀kan lórí èkejì. Ibi tí òjò kì í lù, tí ọwọ́ ọmọdé kì í tó, ni kí ẹ wá: abẹ́ abíyá, ẹ̀yìn etí, inú ìṣẹ́po agbádá. Orúnkún àti ẹsẹ̀ kò wúlò, ìjókòó àwọn ọmọ ti ha ibẹ̀ dé sìmẹ́ǹtì. Mo máa ń fi pẹ́ńsù fa ojú kan tó fẹ̀ ní ínṣì méjì. Mo á rẹ sáńpépà olómi nọ́ńbà 220 sínú omi, mo á máa fi yípo láàárín rẹ̀, ìka méjì péré, láìtẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Bí àwọ̀ kejì bá ti yọjú, mo á bọ́ sórí nọ́ńbà 400. Àárín ni mo máa ń fá jù, kí etí rẹ̀ lè máa gòkè díẹ̀díẹ̀. Tó bá parí, àwọ̀ á tò ní òrùka-òrùka, ti lọ́ọ́lọ́ọ́ lóde, ti àkọ́kọ́ láàárín. Ẹ fi fóòmù tútù nù ún, ẹ wò ó nínú òjìji, ẹ ya fọ́tò rẹ̀ pẹ̀lú bébà funfun lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í kà nìyí. Láàárín òrùka kan sí èkejì, ẹ wò ó bóyá ìlà dúdú tín-ín-rín wà níbẹ̀. Ìdọ̀tí ni ìlà yẹn, eruku ọyẹ́ àti èéfín ọkọ̀. Bó bá wà, ọ̀dà tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ ti rí òjò àti oòrùn fún ọdún mélòó kan kí wọ́n tó kùn ún mọ́lẹ̀, ojú ayé ti rí i. Bí kò bá sí, ó ṣeé ṣe kí ọ̀dà méjèèjì jẹ́ ti iṣẹ́ kan náà, kí ti ìsàlẹ̀ sì jẹ́ ọ̀dà ìpìlẹ̀ lásán. Àwọn tó máa ń kéde pé funfun ni àwọ̀ àkọ́kọ́ ère, ọ̀dà ìpìlẹ̀ ni wọ́n sábà rí. Ojú kan kò sì tó. Ó kéré tán, ẹ ṣí ọ̀kan lójú, ọ̀kan láṣọ, ọ̀kan lára ohun tó mú lọ́wọ́, ọ̀kan ní ìdí.

Omi tí mo ní kí ẹ máa lò kì í ṣe fún àṣehàn lásán. Ọ̀dà àtijọ́ lè ní òjé nínú, eruku rẹ̀ sì ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́. Ẹ má fá a ní gbígbẹ, ẹ bo imú, ẹ tẹ́ ọ̀rá sílẹ̀ kí ẹ kó ohun tó bá já bọ́, ẹ sì lé àwọn ọmọ jìnnà, bó ti wù kí wọ́n bẹ̀bẹ̀ tó.

Bí àwọn ènìyàn bá ní ojú ère ti yàtọ̀ sí ti tẹ́lẹ̀, ọ̀dà náà ló sábà fa ìyẹn. Ọ̀dà tí wọ́n ń kùn lé ara wọn ti dí ilà ojú pa. Pélé tó jinlẹ̀ tó ìdajì ìka lè dọ́gba pẹ̀lú ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ìpéǹpéjú á nípọn, ètè á di kíkì, ère tó ń rẹ́rìn-ín á dà bí ẹni tó ń sùn. Ẹ má mọ ilà tuntun lé e. Ẹ fi oògùn tí wọ́n fi ń bó ọ̀dà pa á, ẹ jẹ́ kó rọ̀, kí ẹ wá fi igi pẹlẹbẹ tàbí ọparun tí a gbẹ́ lẹ́nu yọ ọ́ kúrò nínú ilà. Ilà àtijọ́ wà lábẹ́ rẹ̀. Iná kò dára fún un, torí sìmẹ́ǹtì tó gbóná lójijì máa ń fọ́ péépéé. Bírọ́ọ̀ṣì onírin tí wọ́n so mọ́ ẹ̀rọ ìlùhò burú ju iná lọ. Ó máa ń fá imú ère dànù pẹ̀lú ọ̀dà.

Lẹ́yìn àwọ̀ ni ara. Mo máa ń fi ìdí òòlù, ibi igi rẹ̀, kan ère jẹ́jẹ́ látòkè wálẹ̀. Ibi tó bá le á dún ṣinṣin, ibi tó ti ṣófo nínú á dún bòbò. Ẹfun ni mo fi ń yí ibi tó bá ṣófo ká. Lọ́pọ̀ ìgbà, ibi tí ẹfun pọ̀ sí ni ìka ọwọ́, ọrùn, etí fìlà àti apá tó na síta. Irin ló ń fà á.

Ère sìmẹ́ǹtì ní egungun irin nínú. Sìmẹ́ǹtì tuntun ní agbára kan tó jọ ti omi eérú tí àwọn ìyá wa fi ń se ọṣẹ dúdú, irin kì í sì í dípẹtà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ ń wọ ara sìmẹ́ǹtì díẹ̀díẹ̀, ó ń pa agbára náà láti òde wọnú. Ọjọ́ tó bá kan irin, tí omi sì wà níbẹ̀, ìpẹtà á bẹ̀rẹ̀. Ìpẹtà sì máa ń wú ju irin tó ti jáde wá lọ ní ìlọ́po méjì, ó lè jù bẹ́ẹ̀. Sìmẹ́ǹtì kò lè gba wíwú yẹn, á là. Ní ara òpó, sìmẹ́ǹtì tó bo irin lè nípọn tó ínṣì kan ààbọ̀. Ní ìka ère tí gbogbo ara rẹ̀ kò ju ínṣì kan lọ, kí ló kù láti bò ó? Ìdí nìyẹn tí ìka fi máa ń kọ́kọ́ lọ.

Ẹni tó bá kàn rẹ́ ojú ibi tó là ń fi ẹ̀jẹ̀ sínú tutọ́ funfun jáde ni. Ẹ gbẹ́ gbogbo ibi tó ṣófo kúrò títí irin á fi hàn yíká, kí ìka ọwọ́ lè gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá. Etí ibi tí ẹ gbẹ́ gbọ́dọ̀ dúró ṣánṣán, kó jinlẹ̀ tó ìdajì ínṣì, nítorí sìmẹ́ǹtì tó bá fẹ́lẹ́ létí máa ń ṣí kúrò. Ẹ fi bírọ́ọ̀ṣì onírin ha irin náà títí á fi máa dán. Èyí tó bá ti jẹ ju ìdá kan nínú mẹ́rin lọ, ẹ gé e, kí ẹ jó tuntun mọ́ ọn. Fún ìka, mo fẹ́ràn irin tí kì í dípẹtà, tó ní mìlímítà mẹ́fà. Ó wọ́n, ṣùgbọ́n díẹ̀ ni ìka ń jẹ.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ni kí ẹ ti rẹ ibẹ̀ sómi. Ní àárọ̀, kó tutù, àmọ́ kí omi má dúró lójú rẹ̀. Ẹ po sìmẹ́ǹtì àti omi bí ògì tó ki, ẹ fi bírọ́ọ̀ṣì kùn ún síbẹ̀, kí ẹ sì tẹ àdàlù mọ́ ọn kí ó tó gbẹ. Tó bá ti gbẹ, ó ti di ohun tó ń ya wọ́n nípa. Àdàlù mi ni páànù sìmẹ́ǹtì kan sí páànù iyanrìn mẹ́ta, páànù kan náà la fi wọn méjèèjì, omi kò sì gbọ́dọ̀ ju ìwọ̀n tí á fi dúró lọ́wọ́ bí a bá fún un. Ìpele kan kì í ju ìdajì ínṣì lọ. Ẹ ha ojú rẹ̀, kí ẹ dúró dọ̀la kí ẹ tó fi òmíràn lé e. Àwọn kan máa ń po ó ní ọ̀kan sí ọ̀kan kó lè le dáadáa. Á le, á sì sún kì tó bá ń gbẹ, á fi àlàfo sílẹ̀ yíká, omi á gba ibẹ̀ padà lọ bá irin.

Iyanrìn náà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Ẹ bu u sínú ìgò tó mọ́ kó dé ìdajì, ẹ fi omi àti iyọ̀ díẹ̀ kún un, ẹ gbọ̀n ọ́n, ẹ gbé e kalẹ̀ fún wákàtí mẹ́ta. Amọ̀ á tò sórí iyanrìn. Bí amọ̀ bá ju ìdá kan nínú mẹ́wàá lọ, ẹ fọ iyanrìn náà tàbí kí ẹ wá òmíràn. Fún ojú àti ìka, asẹ́ tí wọ́n fi ń jọ gàrí ni mo fi ń jọ̀ ọ́. Ẹni tó bá ń fi P.O.P. dí imú ère tó wà níta, ẹ dá a dúró. Inú ilé ni ohun yẹn wà fún, òjò ọdún kan á fọ̀ ọ́ lọ.

Ẹ fi àpò tútù àti ọ̀rá bò ó fún ọjọ́ méje. Ìgbà ọyẹ́ ló burú jù fún iṣẹ́ yìí. Afẹ́fẹ́ á fa omi jáde kí sìmẹ́ǹtì tó mu ún tán, ojú rẹ̀ á wá là wẹ́wẹ́ bí àwọ̀n. Bí ọyẹ́ bá ká yín mọ́ ọn, ẹ máa ṣiṣẹ́ ní kùtùkùtù, kí ẹ má jẹ́ kí àpò náà gbẹ rárá.

Ọ̀dà ni gbogbo ènìyàn ń kánjú dé. Ọjọ́ 28 ni kí ẹ fi dúró ti sìmẹ́ǹtì tuntun, pàápàá bó bá jẹ́ ọ̀dà elépo tó ń dán ni wọ́n ní kí ẹ kùn. Ẹ rántí omi eérú tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan: epo àti agbára yẹn ló ń di ọṣẹ. Ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ lára ère. Ọ̀dà á máa lẹ̀ mọ́ọ̀yàn lọ́wọ́, á rọ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í bó ní ọ̀bẹ̀rẹ̀bẹ̀rẹ̀. Ọ̀dà olómi ti ìta ni mo ń lò níbi tí wọ́n bá gbà fún mi. Ó ń jẹ́ kí ọ̀rinrin inú ère rí ọ̀nà jáde. Fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lẹ́ẹ̀mejì dára ju kíki lẹ́ẹ̀kan.

Ẹni tó ń sanwó sábà máa ń fẹ́ góòlù. Mo ti bá wọn jiyàn títí. Lẹ́búlẹ́bú inú ọ̀dà góòlù olówó pọ́ọ́kú, bàbà ló pọ̀ nínú rẹ̀, ó sì ń dúdú tí afẹ́fẹ́ àti òjò bá bá a. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, àwọ̀ ìdọ̀tí ló máa kù. Yàtọ̀ sí ìyẹn, góòlù ń pa gbogbo nǹkan pọ̀: aṣọ, awọ ara àti ìlù á di ẹyọ ohun kan, ọmọ tó ń wò ó lónìí kò ní mọ̀ pé ẹni tó mọ ọ́n fi ọ̀já gbà á nídìí. Bí wọ́n bá fi dandan lé e, mo máa ń bẹ̀bẹ̀ kí góòlù mọ lórí adé tàbí ìlẹ̀kẹ̀.

Ìdí ère ló ń pinnu bí gbogbo iṣẹ́ yìí ṣe máa pẹ́ tó, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó ń wo ibẹ̀. Àwọn tó ń tún ìlú ṣe á gbẹ́ ọgbà òdòdó yí ẹsẹ̀ rẹ̀ ká, wọ́n á máa bomi rin ín lójoojúmọ́. Omi yẹn ń gun ère ni. Wọ́n á lẹ táìlì mọ́ ìdí rẹ̀, omi tó gbà wọlé kò ní rí ibi jáde, ọ̀dà á máa wú láti orúnkún wálẹ̀. Mo máa ń ní kí wọ́n gbé òdòdó jìnnà ní ẹsẹ̀ bàtà méjì, kí wọ́n da òkúta wẹ́wẹ́ sáàárín, kí ilẹ̀ sì dà síta kúrò lẹ́sẹ̀ ère. Ní ti pósítà ìbò, ẹ má ha á. Ẹ fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ rẹ ẹ́ fún ìdajì wákàtí, ògì tí wọ́n fi lẹ̀ ẹ́ á yọ́.

Tí iṣẹ́ bá parí, mo máa ń fi ojú ínṣì méjì kan sílẹ̀ láìfá lábẹ́ apá, kí ẹni tó bá máa tún un ṣe lẹ́yìn mi lè ka àwọ̀ fúnra rẹ̀. Mo á kọ òǹkà àwọn àwọ̀ tí mo bá, orúkọ àti nọ́ńbà ọ̀dà tí mo lò, àti ibi tí mo ti pààrọ̀ irin, sórí bébà méjì. Ọ̀kan á wà lọ́wọ́ baálẹ̀, ọ̀kan á wà lọ́wọ́ ìyálọ́jà tàbí hẹ́dímásítà tí ilé ìwé rẹ̀ sún mọ́ ibẹ̀ jù. Ọ̀dà tó bá ṣẹ́kù, a máa ń bu ú sí ike kékeré fún wọn. Tí òjò bá ti dáwọ́ dúró ní Oṣù Kọkànlá, ẹnì kan kàn nílò láti fi ìdí òòlù kan ọwọ́ àti ọrùn rẹ̀, kó sì gbọ́ bó ṣe dún.